Mo Fi Ikọ́ Ba Ilé Onílé Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi fún ọdún mẹ́ta. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún bàbá àwọn ọmọ mi kó tó kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí ìjọba ń padà bọ̀ sílùú wa, wọ́n sì ní èmi ni kí n tún gbẹnu sọ fún àwọn obìnrin. Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara da ìkọ̀wé mi.

Ìlú kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Ilé iṣẹ́ káṣú kan wà níbẹ̀. Àwa obìnrin là ń pa káṣú, èmi sì ni ìyá ẹgbẹ́. Bọ́ílà ni wọ́n fi ń sè é kó tó kàn wá, ìyẹn ìkòkò irin ńlá tí omi ń hó nínú rẹ̀. Èèpo káṣú tí a bá pa tán náà ni wọ́n ń kó sí i nídìí. Òróró wà lára èèpo yẹn. Bó bá ń jó, èéfín rẹ̀ á dúdú, á máa ta èèyàn lójú àti lọ́nà ọ̀fun.

Ìjọba wá fẹ́ ṣòfin lórí èéfín bọ́ílà àti ohun tí wọ́n fi ń dáná sí i. Wọ́n ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn kí òfin tó jáde. Ẹ̀rù bà wá pé wọn yóò ti ilé iṣẹ́ náà. Opó ló pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ nìkan la ti ń jẹun.

Èmi ni mo lọ bá àwọn tó ń koná. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan èèpo lọ́jọ́ ìpàdé, igi ayin gbígbẹ ni kí wọ́n lò. Ayin kì í rú èéfín púpọ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbójú sókè, ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Ìyá Ráfátù, tí ilé rẹ̀ fara kan ilé iṣẹ́ náà, dìde. Ó ní, "Ẹ má wo tòní o. Ẹ wá lọ́la. Aṣọ funfun tí mo bá sá, dúdú ni mò ń ká a. Ráfátù ọmọ mi kì í sùn nítorí ikọ́."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Mo ní, "Ìyá Ráfátù, fi èéfín sílẹ̀ jàre. Ikọ́ yẹn, ṣebí o bá a nílé ọkọ rẹ ni?"

Àwọn obìnrin wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ bá wa bi í, Ìyá!" Ìyá Ráfátù jókòó.

Irọ́ ni mo pa. Ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e wọlé ọkọ. Kò sí ikọ́ nínú ìdílé yẹn rí.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ìdílé lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àgbà méjì wá láti Kíṣí, ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ Ráfátù. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ikọ́ náà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wọ̀ sí, nítorí èmi ni mo dàgbà jù ládùúgbò. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni?"

Bí mo bá ní rárá, wọn á mọ̀ pé mo purọ́ fún ìjọba. Mo kàn ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ wádìí dáadáa." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, wọn kò padà wá. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn náà kò dúró.

Ráfátù kò mọ̀. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi, òun ló sì ń pọnmi fún mi.

Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni èmi náà ti ń wúkọ́. Ọmọkùnrin mi ní Ráfátù ló kó o ràn mí. Lójú mi ló lé e: "Má wọlé yìí mọ́. Ikọ́ ilé yín ti ran ìyá mi." Ráfátù rọra gbé kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá." Mo jókòó síbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan.

Bí mo bá sọ òótọ́ níwájú ìjọba ní ìpàdé tó ń bọ̀ yìí, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn opó yẹn, wọn á sì ní èmi ni mo fa ebi bá àwọn. Bí mo bá yọ́ lọ bẹ Ìyá Ráfátù nìkan, orúkọ ilé wọn kò ní mọ́, nítorí gbangba ni mo ti bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí lèèyàn ń kọ́kọ́ sọ nínú irú ẹ̀bẹ̀ yìí?

Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ráfátù ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún.