Kíbọ́ọ̀dù Tí Mo Rà fún Àbúrò Mi

Àbúrò mi kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé ń gbé nínú ilé mi ní Agége. Yàrá rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí tèmi, síbẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí mi. Ó ń kí mi láàárọ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ mi. Tí mo bá bi í pé ṣé ó ń bínú sí mi ni, á ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi." Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo gbé wá síwájú yín, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kì í ṣe pé mo jalè o! Kọ́bọ̀ kan kò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìfura ni mo fi ṣe é, mo sì rò nígbà náà pé ọgbọ́n ni.

Òwò páálí ni mò ń ṣe. Páálí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìkẹjà àti Ọ̀gbà bá kó dànù, àwọn tó ń ṣà á máa ń dì í wá fún mi. Màá wọ̀n ọ́n ní kílò, màá sì tà á fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́ láti fi ṣe bébà. Ẹ ò tíì mọ ìwà ọmọ aráyé àfi tí ẹ bá ra páálí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á rẹ ti àárín sómi kó lè wúwo, wọ́n á wá fi gbígbẹ bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Mo ti bá búlọ́ọ̀kù nínú ìdì páálí rí, tí ẹni tó gbé e wá sì ń fi Ọlọ́run búra lójú mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìdì tí n kì í fi ọ̀bẹ là láàárín kí n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí mo ṣe ń la páálí náà ni mo ṣe ń la ọ̀rọ̀ ènìyàn. Olóògbé ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí mo bá dé àlùjánnà, ìwé ilẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ máláíkà.

Gàníyù ni orúkọ àbúrò mi. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí àìsàn ojú kan tó mú un, irú èyí tí kì í dunni, tó kàn ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú méjèèjì ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo wá mú un wá sílé. Kò jókòó kó máa sunkún o. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí kò ríran tó wà ní Ìkẹjà, wọ́n kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń lo fóònù tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń ka ohunkóhun tí kámẹ́rà rẹ̀ bá wò sókè. Fóònù náà máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná lórí iná, mi ò lè gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n Gàníyù á máa mi orí, á tún máa rẹ́rìn-ín. Ó ń lọ aṣọ ara rẹ̀. Tí o bá bá a sọ̀rọ̀, ojú rẹ gan-an ni yóò kọ ojú sí. Àwọn àlejò á wá fà mí sí kọ̀rọ̀: "Ṣé kò ríran rárá ni?" Màá ní kò ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń la páálí ni mí, ìbéèrè wọn kò kúrò nínú mi.

Lọ́jọ́ kan ó wọlé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbà á kó máa dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn lórí fóònù. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Etí rẹ̀ yóò máa wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń pè, kò sì ní lè máa fi etí kan náà gbọ́ kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ó nílò ẹ̀rọ kan tí yóò máa gbé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà jáde sábẹ́ ìka rẹ̀, ní tó-tò-tó bíi bíréèlì tí àwọn tí kò ríran máa ń fọwọ́ kà. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò ní rà á, kó gbé tirẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ wọn ní àwọn máa san ìdajì, kó wá ìdajì yòókù kí oṣù tó parí. Mo bi í pé èló ni ìdajì ọ̀hún. Nígbà tó dárúkọ iye náà, mo jókòó. Ìdajì nìkan tó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá àlòkù tó ṣì dára! Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí nínú fóònù: nǹkan pẹlẹbẹ kan, kò ní ojú tí wọ́n ń wò, bọ́tìnnì díẹ̀ ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́wẹ́ kan tó tò lọ gbọọrọ níwájú. Nǹkan tó kéré ju àwo ìjẹun mi lọ?

Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí àsàlátù wa lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì dáwó. Kí Ọlọ́run má gbàgbé wọn, àwọn télọ̀, àwọn mẹkáníìkì, àwọn ìyá tó ń ta ata. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a, ó sì pé. Ṣùgbọ́n àsàlátù wa ní ìlànà kan: owó kì í wọ ọwọ́ ẹni tí a bá ń ràn lọ́wọ́. Ọjà ni à ń rà fún un, a ó gbé e síwájú ìjọ, gbogbo ènìyàn á rí i, a ó ṣe àdúà sí i, kó tó di tirẹ̀. Ọkùnrin kan ló gba owó ẹ̀rọ ìránṣọ tẹ́lẹ̀, tó fi fẹ́ ìyàwó kejì, ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà nìyẹn. Wọ́n wá ní ta ni yóò lọ ra ẹ̀rọ yìí? Alága wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ni kò mọ ẹ̀gbọ́n Gàníyù? Ẹni tó bá lè rẹ́ ìyá yìí jẹ, kò tíì dáyé."

Bí owó náà ṣe dé ọwọ́ mi ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Gàníyù ní kí n lọ san án fún ẹgbẹ́ wọn, àwọn ló máa bá wa bèèrè fún un láti òkè òkun. Kí ló dé tí kò fi sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Èkó? Kí ló dé tó jẹ́ pé kí n sanwó kí n tó rí ọjà? Ìdajì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ san yẹn, ta ló rí i? Lọ́kàn mi, mo ti ń gbóòórùn páálí tútù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí fóònù mi láti inú ti Gàníyù, mo wọ ọkọ̀, ó di Computer Village, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́kọ́ fi àwòrán hàn kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mọ́mì, kíbọ́ọ̀dù ni o. Èyí tí kì í lo wáyà." Mo bi í pé ihò wẹ́wẹ́ iwájú yẹn ńkọ́? Ó ní ibẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde. Mo dárúkọ iye tí wọ́n pè é fún mi. Ó pariwo, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Há! Mọ́mì, wọ́n fẹ́ gbá yín ni o! Ṣé ọmọ Yahoo ló pè yín ni?" Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́ pé àbúrò mi fẹ́ lu ìjọ ní jìbìtì, àmọ́ mo ń yọ̀ pé mo mú un. Mo ra kíbọ́ọ̀dù kan tó fara jọ ti inú àwòrán, mo ná an títí ó fi já wálẹ̀, mo gba rìsíìtì.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alága gbé e sókè níwájú ìjọ, a ṣe àdúà, a ṣe àmín, wọ́n sì gbé e lé Gàníyù lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yí i padà. Ó wá ihò wẹ́wẹ́ náà níwájú rẹ̀, ó tún wá a lẹ́yìn. Mò ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Mo ní nínú ara mi pé, ó mọ̀ pé mo ti mú òun. Ni mo bá dìde, mo kó gbogbo owó tó kù kalẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, mo ní iye tí wọ́n ń tà á gan-an nìyí. Ìjọ pariwo "Allahu Akbar!" Wọ́n ní olóòótọ́ obìnrin ni mí. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Arákùnrin yẹn ríran jàre, ẹ wò ó bó ṣe kọjú sí Alága." Mo gbọ́ ọ, mi ò yíjú padà láti dá a lóhùn.

Nígbà tí a délé, ó gbé kíbọ́ọ̀dù náà sórí tábìlì mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, òun kọ́ nìyí."

"Òun ni. Iye tí o pè é ni kì í ṣe òun."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Kò sí ohunkóhun tó ń yọ níbẹ̀."

Mo ní, "Gàníyù, ìwọ àti ta ni ẹ fẹ́ jọ pín owó yẹn?" Bí ibẹ̀ bá ni mo dúró sí ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá ṣeé tún ṣe. Mo tún fi kún un pé, "Àbí o tilẹ̀ ríran?" Ó dìde, ó fọwọ́ tọ́ ògiri lọ sí yàrá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì ṣépè fún mi, ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Kò bá mi jiyàn mọ́, ìyẹn gan-an ló tún wá mú kí n máa fura sí i. Ẹni tí wọ́n bá purọ́ mọ́, ṣé kì í pariwo ni? Mo pinnu pé n óò lọ tú àṣírí ẹgbẹ́ náà fúnra mi. Òwò ò jẹ́ kí n ráyè títí oṣù fi parí. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ki kíbọ́ọ̀dù bọ inú báàgì, mo forí lé ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, akọ̀wé wọn, òun náà kò ríran. Mi ò jókòó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìjà. Mo ní ẹ̀gbọ́n Gàníyù ni mí, mo ní ohun tí wọ́n ní ó tó owó kẹ̀kẹ́ Márúwá rèé, mo sì jù ú sórí tábìlì. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ mú ìka yín wá." Ó fà á lọ sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kejì tẹ kọ̀ǹpútà. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ìka mi, tó-tò-tó, bí ẹyọ ìrẹsì. Ó rì. Ó tún yọ, ó ti yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. "Ọ̀rọ̀ tí mò ń tẹ̀ nìyẹn, Màmá." Ẹ gbà mí gbọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo abẹ́ tábìlì, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń tì í sókè!

Mo bi í pé kí ló wá sọ ọ́ di ọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn tó ń rà á kò pọ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é, náírà wa sì ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní ta ló san tirẹ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọrọ." Ohùn mi ti rọlẹ̀ nígbà tí mo bèèrè ìdajì owó Gàníyù. Ó ní wọ́n dá a dúró dè é títí di ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n sì ti gbé e fún ẹlòmíràn ní Abẹ́òkúta. Ilé iṣẹ́ náà sì ti gba ènìyàn. Mo bi í pé, "Kí ni Gàníyù sọ fún yín pé ó ṣẹlẹ̀?" Akọ̀wé náà dáhùn pé, "Ó ní owó tí ìjọ dá ni kò pé." Kò dárúkọ mi! Ó bo àṣírí mi lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, lẹ́yìn tí mo tú tirẹ̀ tí kò sí rárá níwájú àwọn ènìyàn mi. Inú ọ́fíìsì yẹn ni mo ti sunkún.

Mo délé, mo di ẹsẹ̀ Gàníyù mú, èmi tí mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tán." Mo lọ bá Alága pé kí wọ́n jẹ́ kí n wí tẹnu mi fún ìjọ, ká sì kó owó náà padà. Wọ́n ní, "Ìyá, owó yẹn la fi ra páànù mọ́sálásí. Ṣé ká yọ páànù ni?" Wọ́n ní tí n bá tún gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ìjọ á rò pé èmi àti Gàníyù la jọ pète láti gba owó náà. Mo dákẹ́. Títí di òní tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn ṣì gbà pé oníjìbìtì ni àbúrò mi, èmi sì ni olóòótọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo lọ ra oògùn rẹ̀ ní Ìjáyè, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní ẹyọ kan láàárọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo jáde, mo ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó rò pé mo ti lọ. Ni mo bá gbọ́ tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara páálí oògùn náà. Kò yára bó ṣe máa ń yára, ó dín in kù kó lè gbọ́ ọ yékéyéké: orúkọ oògùn, bí wọ́n ṣe ń lò ó, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ó ní kó tún un kà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Gàníyù, tí kì í bèèrè ohun tó wà nínú ife kó tó mu ún tó bá ti jẹ́ èmi ni mo gbé e fún un!

Mi ò lè bínú. Ohun tí èmi náà ń ṣe sí páálí ló ṣe sí oògùn mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ẹni yín rí, tó sì ní òun ti dárí jì yín, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dìde lọ́jọ́ Àìkú kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ, bí Alága tilẹ̀ ní kí n má sọ ọ́? Kí ni kí n ṣe tí àbúrò mi yóò fi tún gba nǹkan lọ́wọ́ mi, láìkọ́kọ́ bi fóònù rẹ̀ léèrè?