Iwe Ni, Kì í Ṣe Ìwé

Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ kú àráfẹ́rakù. Mosúnmọ́lá, ìyàwó olóògbé, ìyàwó wa, kú ìrọ́jú. Ọ̀ṣẹ́nì ni mí, alápatà Ìkàrẹ́. Ẹ má bínú, inú mi dùn nírọ̀lẹ́ yìí. Zacchaeus hewú kó tó lọ. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, ọpẹ́ ni mo gbé wá síbi òkú ọ̀rẹ́ mi.

Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀? Dókítà òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ìkàrẹ́, Zacchaeus sì ń bá a ṣiṣẹ́ nílé oògùn. Òyìnbó wọ ọjà, ó dúró níwájú ẹran mi, ó ní, "Mo fẹ́ ìwé àgbò. Gbogbo alápatà, ìwé àgbò." Ẹ̀yin èèyàn mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé owó orí tán ni, ṣé àgbò náà yóò tún máa gba ìwé? A da àgbò wa síwájú, ó di ọ̀nà Àjọwá. Odindi Ìkàrẹ́ jẹ ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran lọ́jọ́ náà. Ta ló sáré lé wa bá? Zacchaeus ni. Ó ń mí hẹlẹ, ó ń fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ní, "Iwe ni, kì í ṣe ìwé. Kíndìnrín tó ń sẹ́ ìtọ̀ ni dókítà ń wá. Ó kàn gbé ohùn gbòdì ni."

Òyìnbó fẹ́ fi iwe ẹran kọ́ Zacchaeus bí a ti ń la iwe èèyàn, kí a yọ òkúta inú rẹ̀, kí a sì rán an padà. Láti ọjọ́ náà, iwe àgbò mi di tirẹ̀. Alágídí ni Zacchaeus, ẹ̀yin náà mọ̀. Yóò ki òkúta wẹ́wẹ́ orí òkè Ọ̀kà yìí bọ inú iwe, yóò là á, yóò yọ ọ́, yóò rán an, yóò wá bu omi sí i. Bí ó bá jò, ó tún un ṣe. Bí ó bá tún jò, ó tún un ṣe. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ forí jì mí, ìmàle ni mí, òwe ló dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀. Mosúnmọ́lá sì ń fi iwe náà se ọbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun nílé yìí, ta ni kò yọ òwú láàárín eyín rí?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Èmi alápatà ni òkúta wá wà níwe rẹ̀. Mo ń tọ ẹ̀jẹ̀, mo ń yí nílẹ̀. Dókítà ní bí a kò bá là mí, n ó kú, àmọ́ àkàndùn ti mú òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka rẹ̀ wú, kò lè di ọ̀bẹ mú. Ó ku Zacchaeus. Ràfíátù ìyàwó mi dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹni tó ń gé ti àgbò kò ní gé ti ọkọ mi."

Mo ní, "Ràfíátù, àgbò ta ni? Àgbò mi ni mo fi bọ́ ọ̀bẹ yẹn. Jẹ́ kó wọlé."

Zacchaeus bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. "Ọ̀ṣẹ́nì, òkú àgbò kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ìwọ máa ṣẹ̀jẹ̀. N kò la èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣe é bí o ti ń ṣe é. Bí ó bá jò, tún un rán."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ fọwọ́. Wọ́n fi oògùn oorun sí mi nímú.

Ẹ wò mí, ẹ̀yin ará Ọ̀kà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá láti Ìkàrẹ́. Àwọn tó là lẹ́yìn mi, ará Ọ̀bà, ará Ṣúpárè, wọ́n wà ní ìjókòó yìí. Ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Àmọ́ èmi ni iwe àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti àgbò, ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Zacchaeus, ọ̀rẹ́ mi, rìn ire. Má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ níbẹ̀ ni kí o bá wọn jẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iwe ni, kọ́kọ́ wo òwú. Bí oníbodè bá sì ní, "Ìwé rẹ dà?", má sá gba ọ̀nà Àjọwá bíi tiwa. Sọ fún un pé ìwé kọ́, iwe ni. Sọ fún un pé ọ̀kan wà ní Ìkàrẹ́, lára Ọ̀ṣẹ́nì, ìwọ lo rán an, títí dòní kò jò.