Igi Tí Ìyá Rì Mọ́lẹ̀

Nínú ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ sí Emùré, ìyá àgbà kan tó ti etí òkun Ìlàjẹ wá gbé ní Ìkẹ́rẹ́ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó níwájú mi.

"Igi tí mo rì sẹ́yìn ilé, ìdí rẹ̀ lo gbin iṣu sí."

"Ẹ má bínú, Màámi. Mo rò pé igi tí uṣu ń gùn ni."

"Lọ́dọ̀ wa, igi la fi ń mọ ibi tí òkun jẹ ilẹ̀ dé. Ó ń kó iyanrìn wa lọ fún abúlé kejì."

"Òkun ò lè dé Ìkẹ́rẹ́, Màámi."

"Ohun tá a sọ nìyẹn nígbà tí òkun ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Ìyàwó di ọwọ́ ìyá mú. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò tíì kúrò létí mi.

"Ṣé kí n hú iṣu náà?"

"Fi sílẹ̀. Nínú gbogbo igi tí mo ti rì, èyí nìkan ló dúró títí iṣu fi gùn ún."