Mo Rù, Wọ́n Ní Mo Kéde Ebi Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìyá ọkọ mi ti dẹ́kun jíjẹ oúnjẹ ọwọ́ mi. Nínú ilé kan náà tí gbogbo wa jọ ń gbé ní Bàrígà, wọ́n ń dáná tiwọn lọ́tọ̀ lórí sítóòfù kékeré lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, bí mo bá sì kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ògiri ni wọ́n máa ń wò. Kí ni mo ṣe? Ṣé mo jalè ni? Àbí mo yan àlè? Rárá o! Mo kàn rù ni. Wọ́n ní mo ti fi ara mi kéde fún gbogbo Èkó pé ebi ń pa ọmọ àwọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkọ mi, akọ̀wé ni tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Palmgrove. Èmi ń di ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń ká ìwé, tí mo ń fi abẹ́rẹ́ rán an. Lẹ́yìn tí mo bí Ràmọ́tà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ara náà kò sì mọ ibi tí yóò dúró. Inú ọkọ mi dùn, inú ìyá rẹ̀, Màámi, dùn jù ú lọ. “Ẹ wo ìyàwó wa bó ṣe ń dán,” ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò, “ọmọ mi ń tọ́jú rẹ̀.” Ìgbà tí àwọn ológun wá gbàjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú fara dà á, tí mílíìkì àti ìrẹsì di ohun tí à ń tò fún, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ là ń jẹ láàárọ̀, òun náà là ń jẹ lálẹ́, síbẹ̀ mo tún ń sanra sí i! Bí mo bá dúró lórí ìlà, àwọn obìnrin á máa sọ̀kò ọ̀rọ̀: “Èyí náà tún ń wá mílíìkì? Abẹ́ ibùsùn ta ló kó tiẹ̀ pamọ́ sí?” Òde ara ni wọ́n rí, wọn ò rí inú. Wọn ò mọ̀ pé n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láì dúró mí lágbedeméjì, pé orí ń fọ́ mi, pé ẹsẹ̀ mi ń wú, pé híhanrun ara mi ló ń jí mi lójú oorun.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé oògùn kan wà tó máa ń pa ìfẹ́ oúnjẹ kí ènìyàn lè rù, ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Mo bá lọ sí ọsibítù. Obìnrin àgbàlagbà kan ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ tutù. Ó gbé mi gorí ìwọ̀n, ó wọn bí mo ṣe ga tó, ó wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ mi lápá, ó tún un wé lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ìyá, ìwọ̀n yín yẹ fún oògùn yìí,” ló wí, “ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yín kò tíì yẹ. Ìfúnpá yín ga. Bí mo bá fún yín báyìí, ọkàn yín lè sáré kọjá ibi tó yẹ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un wálẹ̀. Ẹ máa rìn, ẹ dín ẹ̀bà kù, ẹ lo oògùn ìfúnpá tí mo kọ yìí. Kí ẹ sì mú ọkọ yín wá bí ẹ bá ń bọ̀.” Ẹ gbà mí! Mo sanra tó ẹni tí wọ́n ń fún lóògùn, àìsàn mi kò sì jẹ́ kí wọ́n fún mi. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo yà ní kẹ́míìsì kan, ẹni tó ni ín sì ní oògùn náà wà, pé kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti nawọ́ sí i o! Ọ̀rọ̀ ọkàn tó lè sáré yẹn ló fa ọwọ́ mi padà.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó fárígá. “Bí o bá rù lásìkò yìí, kí layé máa wí? Wọ́n á ní mi ò níṣẹ́ mọ́.” Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́: “Ẹ ò kúkú níṣẹ́ mọ́, Bàbá Ràmọ́tà.” Ó sorí kọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgbà náà ló yé mi pé ara mi nìkan ló ṣẹ́kù tó fi ń bo àṣírí. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ọjọ́ ọsibítù pé, mo rí i tó wọ bàtà ọ́fíìsì rẹ̀, tó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà wò ó lójú: “Ṣé ìyàwó tó sanra lẹ fẹ́ ni, àbí ìyàwó tó wà láàyè?” Ọkọ mi ṣí fìlà, ó fi bojú.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, àwa méjèèjì á jọ fẹsẹ̀ rìn jáde ní Bàrígà, yóò sìn mí dé Ṣómólú, yóò sì máa bá tiẹ̀ lọ sí Palmgrove láti wáṣẹ́. Nígbà tó yá, ìfúnpá mi wálẹ̀, dókítà sì kọ oògùn náà fún mi fún ìgbà díẹ̀, ó ń yẹ̀ mí wò lóòrèkóòrè. Ẹnu mi ń gbẹ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò fà sí ẹ̀bà bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Dókítà ti dá oògùn náà dúró báyìí, ìrìn ló kù. Mo ń gun àtẹ̀gùn, mo ń kọrin! Ibi tí ọkọ mi ti ń sìn mí lọ náà ni ọ̀gá kan ní ilé ìtẹ̀wé ti rí i, tó gbà á kó máa bá wọn ka ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tún ti ń fọ́nnu.

Aládùúgbò wa kan ló bà á jẹ́. Ó rí bí mo ṣe rù, ó rò pé ebi ló ń pa wá, ó gbé àwo ẹ̀wà wá, ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Màámi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé sítóòfù wọn jáde.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ẹsẹ̀ Màámi fúnra wọn ń wú. Orí ń fọ́ wọn. Wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde. Bí mo bá ní kí á lọ sí ọsibítù, wọ́n á ní mo fẹ́ sọ àwọn náà di egungun. Ṣùgbọ́n lánàá, mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi, láìkí, láìpè mí: “Aṣọ tí wọ́n máa ń wé mọ́ni lápá yẹn, ṣé ó máa ń dunni?” N kò bojú wẹ̀yìn, kí wọ́n má baà yí padà. “Kì í dunni, Màámi. Ó kàn máa ń fúnni díẹ̀ ni, á sì tú.” Wọn ò lọ, mo ń gbọ́ mímí wọn títí mo fi fọ abọ́ náà tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá ọkọ gbé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n bẹ̀ wọ́n lọ́la kí á jọ lọ sí ọsibítù, àbí kí n dúró kí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kejì?