Ìdáríjì Ádámù Ló Ń Dà Mí Láàmú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Àdúrà ti di ìṣòro fún mi. Èmi tí àwọn obìnrin ìjọ wa ní Muṣin ń pè ní Ìyá Àdúrà, èmi tí ẹ̀bẹ̀ mi máa ń gùn débi pé àwọn ọmọ á ti sùn lórí eékún kí n tó ṣe Àmín! Nísinsìnyí, bí mo bá kúnlẹ̀, n óò yin Ọlọ́run, n óò dúpẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti di kí n fi orúkọ Jésù parí rẹ̀, n óò dìde láìpè é. Kì í ṣe pé mo kórìíra orúkọ náà o! Kí n má rí i! Orúkọ tí ìyá mi fi ń wẹ̀ mí ni, orúkọ tí mo ké ní kékeré tí ibà fi mí sílẹ̀. Ọkàn mi ló pín sí méjì bí aṣọ tí wọ́n gé tí wọn kò tíì rán. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n dìde níwájú ìjọ, kí n sọ pé mo ti kọ ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa nínú ilé Ọlọ́run. Bí n kò bá sọ ọ́, ọkọ mi ti ní kí n kó ẹrù mi kúrò nílé òun, kí n sì fi àwọn ọmọ wa méjèèjì sílẹ̀. Ta ni kí n lọ bá? Ẹ̀yin náà ni mo rí.

Kò sí ẹni tó mọ ìdílé mi tó lè rò pé irú èyí lè dé bá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi. Ajíhìnrere ni bàbá mi, nílé wa, ẹni tí kò bá ka ẹsẹ Bíbélì kan láti orí kò ní fẹnu kan ẹ̀kọ òwúrọ̀. Ebi ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní Jẹ́nẹ́sísì, kí ìfẹ́ tó dé. Lọ́dún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni mo bá ọkọ mi wá sí Èkó. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Yábàá, díákónì sì ni nínú ìjọ. Èmi ń ránṣọ lójúde ilé tí a háyà yàrá sí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mùsùlùmí ni onílé wa. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kúbúrà, ló dà bí ẹ̀gbọ́n fún mi láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Ilé ìdáná kan náà la jọ ń lò. Bó bá di ọdún iléyá, ẹran rẹ̀ á kún àwo wa. Bó bá di Kérésìmesì, ìrẹsì mi á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí aáwọ̀ kankan láàárín wa, n kò sì fìgbà kan rò pé ẹ̀sìn rẹ̀ ní ohunkóhun tí ó lè bá mi sọ.

Lẹ́yìn ọmọ wa kejì ni mo lóyún ọmọkùnrin kan tí kò ké. Ìrọbí náà pẹ́. Àwọn dókítà Ìdí-Àràbà ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ wọ́n ká, ṣùgbọ́n òkú ni ọmọ náà jáde. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ wá tù mí nínú, èyí tó dàgbà jù nínú wọn di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ọmọ mi, gba kámú. Ìyá wa Éfà ló jẹ èso, ìyà rẹ̀ ni gbogbo àwa obìnrin ń jẹ lórí ìkúnlẹ̀.” Inú rere ló fi sọ ọ́. Èmi náà ṣe Àmín. Ṣebí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti dì sí mi láyà, tí n kò lè gbé mì, tí n kò sì lè pọ̀ jáde. Bí mo bá ń ka Bíbélì, tí mo dé ibi tí Ọlọ́run ti ń sọ fún obìnrin náà pé ìrora ìbímọ rẹ̀ yóò pọ̀, ojú mi á kúrò lórí ìwé. Mo ní, Olúwa, Éfà jẹ èso. Ọmọ mi ńkọ́, kí ló jẹ?

Nígbà tó yá, ìjọ wa ṣe ọ̀sẹ̀ ìjèrè-ọkàn. Pásítọ̀ ní kí kálukú lọ mú ọkàn kan wá. Ó kọ́ wa pé bó bá jẹ́ Mùsùlùmí la fẹ́ wàásù fún, kí a má fi orúkọ Jésù bẹ̀rẹ̀, kí a fi Ádámù bẹ̀rẹ̀, nítorí Ádámù kan náà ni gbogbo wa mọ̀. Bí a bá ti jọ dé inú ọgbà Édẹ́nì, a ó wá fi ọ̀nà àgbélébùú hàn án láti ibẹ̀. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi gba ìmọ̀ràn náà. Ìyá Kúbúrà ni ọkàn mi lọ bá. Mo ti ń fojú inú wo bí n óò ṣe mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìjọ yóò ṣe pariwo Halelúyà! Ẹ ò rí ayé? Ẹni tó ń dẹ pàkúté kì í rántí pé òun náà ní ẹsẹ̀.

Ó ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo lọ jókòó tì í. Mo bá a ṣa á, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi. Mo ní Ọlọ́run fi ọjọ́ mẹ́fà dá ayé, ó fi erùpẹ̀ mọ Ádámù. Ó ń mi orí. Ó ní òótọ́ ni, pé àwọn máláíkà gan-an bi Ọlọ́run pé kí ló fẹ́ fi ẹni tí yóò máa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣe. N kò gbọ́ ìyẹn rí, ṣùgbọ́n mo ń bá tèmi lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí Éfà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ejò, tó jẹ èso, tó sì fún ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo.

“Ta lo ní ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́?”

“Obìnrin náà ni, Ìyá Kúbúrà.”

“Irọ́ o! Àáfà ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé kéú. Àwọn méjèèjì ni Èṣù tàn, àwọn méjèèjì ló jẹ ẹ́.” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Àwọn ọkùnrin yìí! Bí Bàbá Kúbúrà bá yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò, ta ló máa ń ní ó jẹ ẹ́? Èmi ni! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní kó yé ṣàwàdà. Mo wá bi í pé kí ni Ọlọ́run ṣe fún àwọn méjèèjì. Ó dáhùn bí ẹni pé ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni: “Ó lé wọn jáde, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ Ádámù ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ òun. Ó dárí jì wọ́n. Ó parí.”

“Ó parí báwo? Ẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo wa jogún ńkọ́?”

“Jogún kẹ̀? Ìyá Tósìn, ẹni tí wọ́n ti dárí jì, kí ló kù tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jogún?”

N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún, tí mo ń sọ fún un nípa ọmọ mi àti ọ̀rọ̀ tí ìyá ìjọ sọ. Ó ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fà mí mọ́ra. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ìyà lo jẹ? Ọmọ tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan! Ẹnu ọ̀nà àlùjánńà ni yóò ti dúró dè ọ́.”

Kí n má parọ́ fún yín, ara mi fúyẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo sun oorun tí n kò sùn láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kejì tí ìbéèrè kan yọ sí mi bí mo ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́: bí Ọlọ́run bá ti dárí ji Ádámù nígbà náà, kí wá ni Jésù kú fún? Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí bí ẹni tó yọ òpó kan tó rò pé kò wúlò, tí òrùlé wá ń dún. Oyún tuntun sì ti wà nínú mi nígbà yẹn, èyí tí mo ṣì gbé títí di òní. Èwo ni kí n gbé lọ síbi ìkúnlẹ̀, ìyà Éfà ni àbí ìdáríjì Ádámù?

Mo lọ bá àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lẹ́yìn ilé wa, bàbá arúgbó tó máa ń gbé aṣọ rẹ̀ wá fún mi tún ṣe. Ó ní bí Ìyá Kúbúrà ti wí ló rí. Ó tún ní Ọlọ́run dá gbogbo nǹkan láìrẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò sí ìsinmi kankan tó gbà lọ́jọ́ keje. Mo ní ìsinmi ti Bíbélì náà kì í ṣe ti àárẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò bá mi jiyàn. Mo wá bi í nípa bí a ṣe dá obìnrin, ọkàn mi ti ń retí ohun tuntun. Ó ní ìhà ni wọ́n ti yọ ọ́, egungun tó tẹ̀ sì ni, ìdí nìyẹn tí Ànábì fi ní kí a máa fi ẹ̀lẹ̀ mú un kó má baà ṣẹ́.

Mo ní, “Háà, Bàbá! Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìhà yẹn ni!”

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí bí ọmọ. “Bóo bá gba ẹ̀sìn wa, ọkọ rẹ ńkọ́? Obìnrin Mùsùlùmí kì í ṣe aya ọkùnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Má fi ẹkún ọmọ gba ẹ̀sìn. Lọ rò ó.” Èmi rò pé yóò fà mí wọlé ni, ó tún mú mi padà sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Kúbúrà gan-an, nígbà tí mo sọ fún un pé ọkàn mi ń fà sí ẹ̀sìn wọn, ó fò sókè: “Èmi kọ́! Kí ọkọ rẹ lè ní mo fi nǹkan sínú ẹran iléyá fún ọ jẹ? Má kó mi sí ìjàngbọ̀n o!”

Bí mo ti ń rò ó nìyẹn títí ẹ̀kọ́ nípa Ádámù fi kàn ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo sọ ìtàn náà bí mo ti máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé òpin, tí àwọn ọmọ tẹjú mọ́ mi, n kò mọ bó ṣe jáde: “Wọ́n bẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì dárí jì wọ́n.” Ọmọbìnrin Pásítọ̀ na ọwọ́ sókè. “Àǹtí, ṣé ilé ni wọ́n wá padà sí?” Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé fún bàbá rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Pásítọ̀ ti ránṣẹ́ pe èmi àti ọkọ mi.

Pásítọ̀ kò pariwo. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wá bi mí pé, èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, ṣé n kò rí i kà pé kí Ọlọ́run tó lé àwọn méjèèjì jáde, òun fúnra rẹ̀ ló fi awọ dá ẹ̀wù fún wọn? “Awọ wá láti ara ẹran. Nǹkan kan ti kú kí ìhòhò wọn tó bò. Ojú àánú nìyẹn, ìyá. Àgbélébùú ti wà níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọlọ́run jókòó, ó ń ránṣọ fún ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́! Báwo ni mo ṣe ń ka ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń yọ̀ ni mo tún ń bi ara mi pé, bí àánú bá tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún fi ìyà sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì mí? Mo bi Pásítọ̀. Ó ní àṣírí Ọlọ́run ni, pé kí n sá jẹ́wọ́ níwájú ìjọ kí ọ̀rọ̀ má ran àwọn ọmọdé.

Nílé ni ọkọ mi ti sọ tirẹ̀. “Díákónì tí aya rẹ̀ fẹ́ máa kírun! Wọ́n á ní ẹni tí kò lè kó ilé ara rẹ̀ jọ, kí ló fẹ́ ṣe nínú ilé Ọlọ́run?” Mo rò pé ìtìjú nìkan ló ń bà á nínú jẹ́. Àfi bó ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé òun ló gbé òkú ọmọ wa lọ sin, n kò sì bi í léèrè nípa rẹ̀ rí. Ó ní, “Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀, Jésù ni mo pè pé kó gbà á lọ́wọ́ mi. Bóo bá wá ní Jésù kò kú fún ohunkóhun, ọwọ́ ta ni mo fi ọmọ mi lé?” Ìgbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n fi dá a lóhùn? Ohun tó tù mí nínú gan-an ló ń já ìtùnú tirẹ̀ gbà!

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dúró sí nìyí. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ìrun, ọkàn mi á fà síbẹ̀. Bí àwọn ọmọ mi bá ń kọrin Jésù fẹ́ràn wa, omi á bọ́ lójú mi. Ìyá Kúbúrà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Pásítọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn mi, ìyẹn ló burú jù. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin àáfà, ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ti kúnlẹ̀ tí ẹ sì padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ jèrè ọkàn ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ yẹ tirẹ̀ wò dáadáa, kó mọ ibi tó ti ya. Ní tèmi, mo ti pinnu ohun kan: n kò ní parọ́. Bí wọ́n bá pè mí síwájú lọ́jọ́ ìsinmi, n óò sọ fún wọn pé mo mọ̀ pé Ọlọ́run dá mi, ohun tó kù n kò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣé wọ́n máa ń lé èèyàn kúrò nílé ọkọ, kí wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò tíì mọ̀?