Ẹsẹ Bíbélì Kan Ni Mo Fi Sọ Kẹ́hìndé Di Ìránṣẹ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹrù kan wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí a ti sin bàbá wa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kẹ́hìndé, ìkejì mi, kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ níwájú mi. Ó ní tí òun bá kú, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ mi bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi, nítorí Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Èmi kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ ní Ìgbó-Ọrà. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, àmọ́ tí mo bá dìde sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tíṣà pàápàá máa ń dákẹ́.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ka ìbejì. Èmi Táíwò ni mo kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ni ẹbí fẹ́ fi ṣe olórí oko wa lọ́nà Ìdèrè. Ó dùn mí. Èmi tí mo lẹ́nu ọ̀rọ̀, kí n wá máa gbàṣẹ lẹ́nu ẹni tí kì í sọ̀rọ̀?

Mo gbé iṣu lọ fún ajíhìnrere kan tó máa ń wá sí ìjọ wa. Mo ní kó bá mi wá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó máa gbè mí. Ó ṣí ìtàn Ésáù àti Jákọ́bù, ó fi ìka sí ibi tí Ọlọ́run ti sọ fún ìyá wọn pé ẹ̀gbọ́n ni yóò máa sin àbúrò.

Mo kà á síta ní ìpàdé ẹbí. Mo ní, "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?" Wọ́n ní Kẹ́hìndé ni. Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí Ọlọ́run wí."

Àbúrò bàbá wa kan tó jẹ́ mùsùlùmí ní, "Táíwò, ṣé ibẹ̀ náà ni ìtàn ọ̀hún parí sí?"

Mo ní, "Bàbá Ràṣídì, ẹ jẹ́ kí àwa tí a ni ìwé túmọ̀ ìwé wa." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló wí, òun ò ní bá a jiyàn. Bí wọ́n ṣe fi èmi ṣe olórí oko nìyẹn. Láti ìgbà náà, iṣu tó bá dára jù lóko, ilé mi ló kọ́kọ́ ń gbé e wá.

Nígbà tó yá, mo lọ ìsọjí ní Ayété. Ajíhìnrere yẹn náà ló ń wàásù, ìtàn kan náà, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n nínú ìtàn yẹn. Bí a bá fi ti inú ìtàn yẹn kà á, èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ló yẹ kí n sin Kẹ́hìndé. Bí a bá sì fi tiwa kà á, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló yẹ kó ṣe olórí oko. Mo tún gbọ́ bí Jákọ́bù ṣe sá kúrò nílé, tí àna rẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ, tó padà wá ń wólẹ̀ fún Ésáù, tó ń pè é ní olúwa rẹ̀. Ìtàn yẹn kò gbè mí níbì kankan.

Mo dúró de ajíhìnrere náà lẹ́yìn ìsìn. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fi ibẹ̀ hàn mí. Ṣé ẹ mọ ìyókù nígbà yẹn?"

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá Fúnmi. Ẹsẹ lẹ béèrè, ẹ ò béèrè ìtàn." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin yẹn dalẹ̀ mi. Mo gbọ́kàn lé e ju ẹbí mi lọ, ó sì jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi purọ́ mọ́ Ọlọ́run níwájú gbogbo wọn. Títí di òní, tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, àyà mi máa ń gbóná.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí tí mo ṣe fúnra mi. Nígbà tí mo ti Ayété dé, Kẹ́hìndé ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú iṣu. Ó ní, "Táíwò, kí ni wọ́n wàásù?" Mo ní, "Wọ́n wàásù ìdáríjì." Mo gba iṣu náà, mo gbé e wọlé.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oko náà, mo lè dá a padà. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kò mọ̀wé kà, ẹnu mi ló ti gbọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Ọlọ́run. Tí mo bá jẹ́wọ́ pé mo tàn án, kí ló máa ṣẹ́ kù tí á gbà gbọ́?