Ọmọlángidi Mi Ló Dọ̀bálẹ̀, Kì í Ṣe Èmi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí ìyàwó mi ò mọ̀, tí ìyá tó bí mi gan-an ò mọ̀. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí tí mo bá rántí ẹ̀, àyà mi á sì tún já. Ǹ bá mú un mọ́ra títí láé, àmọ́ ó ti fẹ́ ba tẹlòmíì jẹ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Nígbà tí mò ń fẹ́ Ṣadé, Ìgandò ni mò ń gbé, òun wà ní Ìkòtún lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Bàbá wọn wà nílùú òyìnbó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, wọ́n sì ní àwọn ò ní fọ́mọ fún ẹni táwọn ò tíì rí ìwà ẹ̀. Fóònù ò sì ṣe é fi rí ìwà. Ṣadé ló wá ní ká máa pàdé nínú ayé kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí oníkálukú ti ní ọmọlángidi tó ń rìn, tó ń jókòó, tó ń bá tẹlòmíì sọ̀rọ̀. Bàbá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n jáde nílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń najú.

Ọmọlángidi tí mo kọ́kọ́ gbà níbẹ̀, ẹ ẹ̀ bá rí i! Ó ń rìn bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Tó bá sì fẹ́ kí èèyàn, ọwọ́ ló ń jù sókè. Mo ní èèwọ̀! Kí n lọ juwọ́ sí bàbá ìyàwó? Bẹ́ẹ̀, ààyè wà láti tún ìrìn ẹ̀ ṣe fúnra ẹni lórí kọ̀ǹpútà: wàá tẹ orúnkún, wàá na apá, wàá tẹ orí ba, díẹ̀díẹ̀. Mo gbé dígí ti ògiri, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀ kí n lè rí bí ìgbáròkó ṣe ń lọ sílẹ̀, mo dìde, mo ṣe é sára ọmọlángidi. Ó pẹ́ kí n tó rí i ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bọ́ sí i, mo jó nínú yàrá. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi ni, gbalaja, àyà kanlẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Mo ṣètò ẹ̀ pé tí Bàbá bá ti yọ, kó dọ̀bálẹ̀ fúnra ẹ̀, kó sì wà nílẹ̀ títí màá fi tẹ bọ́tìnnì pé kó dìde. Ojora ló fà á, ẹ jọ̀ọ́. Mo rò pé mi ò ní lè yára tó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń dúró de Bàbá níbẹ̀, ni lándílọ́ọ̀dù bá tan ẹ̀rọ omi. Ẹni tó bá ti gbé Ìgandò rí mọ ohun tí mò ń sọ: kì í pẹ́ tí wọ́n á fi pa á. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, ó di eré. Èrò ti tò, èmi àti ìyá kan tún ń jà pé ta ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí mo fi máa padà, gbogbo ara mi ti rin, ọmọlángidi mi wà nílẹ̀, ti Bàbá dúró tì í, ọ̀rọ̀ tí Bàbá kọ sì ti kún ojú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n kọ́kọ́ ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ṣé dáadáa lo wà?" Wọ́n bèèrè ìyá mi. Wọ́n ní, "Háà, o ò gbérí?" Ìkẹyìn wá ni, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, mo fẹ́ wò ó bóyá wàá dá dìde. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé, ẹnì kankan ò dọ̀bálẹ̀ fún mi báyìí. Dìde, ọmọ mi. Mo ti fún ẹ ní Ṣadé."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé gan-an, sà." Mo wá pariwo "Yéè!" títí aládùúgbò fi wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn?

A ṣègbéyàwó, a bí Tóbi, ayé dùn. Bàbá ti darí wálé, Ìkòtún ni wọ́n wà báyìí. Tí mo bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n á ní, "Dìde jàre, ìwọ ti dọ̀bálẹ̀ tìẹ tán." Kò sí àlejò tí wọn kì í sọ ìtàn yẹn fún.

Wàhálà tó wá dé ni ti Wálé, ẹni tó fẹ́ fẹ́ Bùkọ́lá, àbúrò ìyàwó mi. Ọmọ dáadáa ni, fíríìjì ló ń tún ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó wá kí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ tọkàntọkàn. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Ọmọkùnrin yẹn fara dà á títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ló bá gbórí sókè díẹ̀. Bàbá ní ó tán, kò ní sùúrù, kò tó ọkọ Ṣadé. Bùkọ́lá ń sunkún látìgbà yẹn. Èyí tó wá burú jù ni pé Bàbá ní kí Wálé wá kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ lọ́dọ̀ mi!

Ó sì wá lóòótọ́. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀?" Ojú tì mí. Ṣé kí n ní mo lọ pọnmi ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba Ṣadé lọ́wọ́ mi, ìyẹn ò lè kúrò lọ́dọ̀ mi. Ojú tí Bàbá fi ń wò mí ni mi ò fẹ́ kó yí padà. Ṣùgbọ́n Wálé fi ara ẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó sàn jù mí lọ. Báwo ni kí n ṣe là á yé Bàbá?

Ibi tí mo ti ń kọ èyí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, àyà mi kan sìmẹ́ńtì, fóònù wà níwájú mi. Mò ń dán an wò bóyá mo lè pẹ́ níwájú Bàbá títí wọ́n á fi dárí jì mí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó ní, "Bàbá Tóbi, kí lẹ ń wá lábẹ́ àga?" Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ẹ ní kí n dìde.